P0171 nínú Corolla àtijọ́: bí ẹ ṣe máa rí ibi tí àrùn wà kí ẹ tó ra ohunkóhun

Iná check engine tàn nínú Corolla àtijọ́, wọ́n fi skánà sí i, P0171 ló jáde. Ohun tó sábà máa ń tẹ̀lé e ni pé kí wọ́n ní kí ẹ lọ ra oxygen sensor wá. Ẹ fi owó yẹn sápò ná. Kóòdù yẹn kò sọ pé sẹ́ńsọ̀ kankan ti bàjẹ́. Ohun tó ń wí ni pé afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì pọ̀ ju epo tó yẹ kó bá a jó lọ, pé brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, ti ń fi epo kún un títí ó fi dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, síbẹ̀ epo kò tó. Sẹ́ńsọ̀ ló mú ẹjọ́ wá, lọ́pọ̀ ìgbà sì rèé, òótọ́ ló ń sọ.

Corolla 2003 sí 2008, ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE oní lítà 1.8, ni mo ń bá wí níbí, torí ó wà lára àwọn tókúnbọ̀ Amẹ́ríkà tó kún títì wa. Ẹni tó ní Matrix tí ẹ́ńjìnnì kan náà wà nínú rẹ̀ lè máa bá wa bọ̀. Àwọn V6 àti Honda ní ọ̀rọ̀ tiwọn, mo máa dé ibẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí epo rẹ̀ kò tó máa ń gbóná jù nínú sìlíńdà nígbà tó bá gbé ẹrù gun òkè. Ó máa ń lọ́ra nígbà tí ẹ bá tẹná, á máa já iná, tó bá sì ti pẹ́ púpọ̀, fáàfù lè jó. Owó fáàfù kì í ṣe ẹgbẹ́ owó họ́ọ̀sì rárá.

Bí brain box ṣe ń mọ̀ pé epo kò tó

Kí bẹntiróòlù tó lè jó dáadáa, afẹ́fẹ́ ìwọ̀n 14.7 ló yẹ kó pàdé epo ìwọ̀n 1. Airflow, tí skánà ń pè ní MAF, tó wà lójú ọ̀nà afẹ́fẹ́ lẹ́yìn fíltà, ló ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. Brain box á fi ìwọ̀n yẹn ṣírò bí àwọn nọ́sù tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì ṣe máa ṣí pẹ́ tó. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá jó tán, oxygen sensor tó wà lẹ́nu sáílẹ́ńsà máa yẹ èéfín wò. Bí ọ́síjìn tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ bá pọ̀, a jẹ́ pé epo kéré nìyẹn, brain box á sì fi díẹ̀ kún un.

Ìwọ̀n àfikún yẹn ni skánà ń kọ sójú gẹ́gẹ́ bí STFT àti LTFT. STFT ni àtúnṣe ojú ẹsẹ̀, ó máa ń lọ sókè sódò láìdúró. LTFT ni àtúnṣe tí brain box ti fi ṣe bárakú, tó ti kó pamọ́. Méjèèjì la máa ń rò pọ̀. Bí STFT bá jẹ́ +4 tí LTFT sì jẹ́ +18, àròpọ̀ yín jẹ́ +22: níbi tí ìṣirò ti ní kó fún un ní epo ọgọ́rùn-ún, 122 ló ń fún un. Láàárín −10 sí +10, kò séwu. Tó bá ti ń sún mọ́ +25 tàbí tó kọjá bẹ́ẹ̀, tí kò sì sọ̀kalẹ̀, iná máa tó tàn.

Látinú èyí, ẹ ó rí i pé ibi tí àrùn lè wà kò pọ̀. Ó lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ kan ń wọlé tí airflow kò kà. Ó lè jẹ́ pé airflow fúnra rẹ̀ ń kà á kéré. Ó lè jẹ́ epo ni kò dé ibi tó yẹ kó dé, tàbí kí epo ọ̀hún má jẹ́ ojúlówó. Èyí tó ṣọ̀wọ́n jù nínú gbogbo wọn ni pé kí sẹ́ńsọ̀ ẹnu sáílẹ́ńsà máa pa irọ́. Iṣẹ́ wa ni láti mọ èwo ni nínú wọn kí sípánà tó kan ohunkóhun.

Ẹ má tíì pa kóòdù rẹ́

Ẹ ra adapter ELM327 kékeré kan, tó ń fi ohun tí brain box ń sọ ránṣẹ́ sí fóònù, kí ẹ gbé Torque tàbí app mìíràn tó jọ ọ́ sórí fóònù. Ojú ibi tí ẹ máa kì í bọ̀ wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, lápá ẹsẹ̀ òsì awakọ̀, ó ní ihò 16. Gbogbo mọ́tò tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ló ní in.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa wò ni freeze frame. Lọ́jọ́ tí iná tàn, brain box ya àwòrán bí nǹkan ṣe rí lásìkò yẹn: bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó, RPM tó wà (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan), eré tó ń sá, àti iye STFT àti LTFT. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù nígbà tó ṣẹlẹ̀, ọ̀nà kan nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé lórí eré kìlómítà 100 ló ti ṣẹlẹ̀, ọ̀nà mìíràn ni.

Ìdí nìyí tí inú mi kì í dùn sí àṣà kí wọ́n yọ orí bátìrì kí iná lè kú. Iná kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n freeze frame àti LTFT bá a lọ, mẹkáníìkì tó bá fẹ́ wò ó lẹ́yìn ìyẹn á kàn máa méfò ni.

Nǹkan kan tún wà tí a gbọ́dọ̀ yanjú kí a tó gba nọ́ńbà kankan gbọ́: ṣé thermostat, tó ń dá omi ẹ́ńjìnnì dúró títí yóò fi gbóná, ṣì wà nínú mọ́tò yín? Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì nílẹ̀ wa ti yọ ọ́ sọnù, pé oòrùn wa mú jù fún un. Láìsí i, omi ẹ́ńjìnnì lè má gbóná tó nígbà tí ẹ bá ń sáré lójú títì, brain box á sì máa rò pé ẹ́ńjìnnì kò tíì kúrò nínú òtútù àárọ̀. Ẹ wo coolant temperature lórí fóònù lẹ́yìn ìrìn ogún ìṣẹ́jú. Kó tó 80°C ó kéré tán, kó sì dúró síbẹ̀. Tí kò bá dé ibẹ̀, ẹ kọ́kọ́ dá thermostat padà.

Nọ́ńbà mẹ́ta tó máa tọ́ka ibi tí àrùn wà

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa. Ẹ pa AC àti iná. Ẹ ṣí STFT, LTFT, RPM àti MAF sójú kan náà lórí fóònù.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí mọ́tò dúró lórí slow fún bí ìṣẹ́jú méjì, láì tẹná, kí ẹ sì kọ àròpọ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ rọra tẹná dé 2500 RPM, kí ẹ dì í mú síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ kọ àròpọ̀ yẹn náà. Ẹ̀kẹta ni ti ojú títì: ẹ wa mọ́tò gun òkè kan, tàbí kí ẹ tẹná dáadáa lójú ọ̀nà tó dá, kí ẹlòmíràn tó jókòó tì yín máa ka fóònù. Kì í ṣe ẹni tó wà lẹ́nu stẹ́ẹ̀rì ló máa kà á o.

Ẹ wá fi wọ́n wé ara wọn.

Bí ó bá jẹ́ +22 lórí slow, tó wá di +5 ní 2500, afẹ́fẹ́ tí a kò kà ló ń wọlé. Ìdí rẹ̀ ni pé lórí slow, ẹ́ńjìnnì kò fa afẹ́fẹ́ púpọ̀, fífà rẹ̀ níbi manifold (ọ̀nà tó ń pín afẹ́fẹ́ sí àwọn sìlíńdà) sì le gan-an. Ihò kékeré kan máa dá kún afẹ́fẹ́ náà lọ́nà tó hàn. Tí ẹ bá tẹná, afẹ́fẹ́ tó ń gba ojú ọ̀nà di púpọ̀, ohun tí ihò yẹn ń mú wá kò tó nǹkan mọ́. Ife omi kan tó ṣèèṣì dà sínú ọbẹ̀ ènìyàn méjì máa ba ọbẹ̀ náà jẹ́. Kó dà sínú ìkòkò ọbẹ̀ àríyá, ahọ́n lè má mọ̀ ọ́n.

Bí ó bá jẹ́ +6 lórí slow, tó di +13 ní 2500, tó sì kọjá +20 nígbà tí ẹ ń gun òkè, epo ni kò tó nígbà tí ẹ́ńjìnnì béèrè púpọ̀, tàbí kó jẹ́ airflow tó dọ̀tí ló ń ka afẹ́fẹ́ kéré. Bí ó bá sì ga bákan náà níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ kọ́kọ́ fura sí airflow, lẹ́yìn náà sí bẹntiróòlù inú táńkì fúnra rẹ̀ àti agbára pọ́ńpù.

Bí nọ́ńbà bá tọ́ka sí afẹ́fẹ́

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi họ́ọ̀sì rọ́bà ńlá tó jáde láti airflow lọ sí throttle body (ẹnu tó ń ṣí fún afẹ́fẹ́ nígbà tí ẹ bá tẹná). Họ́ọ̀sì náà ní ìṣẹ́po-ìṣẹ́po lára. Ọjọ́ orí àti ooru ẹ́ńjìnnì máa ń là á nínú ìṣẹ́po yẹn gan-an, níbi tí ojú kò ti lè rí i nígbà tó bá wà ní ìjókòó rẹ̀. Ẹ tú kílíìpù rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀, kí ẹ wá fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn, ìṣẹ́po kan lẹ́yìn òmíràn. Ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń la ẹnu nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, tó sì ń pa ẹnu dé nígbà tí ẹ bá fi í sílẹ̀, òun gan-an ni à ń wá. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Tẹ́ẹ̀pù kì í pẹ́ níbẹ̀, ooru á tú u.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tọ gbogbo họ́ọ̀sì kéékèèké tó kan manifold, níkọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá le gbagidi bí igi tàbí tó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ nítorí ọ́ìlì, kò dára mọ́. Ẹ tún wo bóyá ẹnìkan ti yọ nǹkan kan nígbà kan rí tí kò sì dí ẹnu rẹ̀. Nínú tókúnbọ̀ tó ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá, mo máa ń rí ẹnu họ́ọ̀sì tó ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Àwọn mẹ́ta kan wà tí ẹ lè dán wò láì tú ohun púpọ̀. Kí mọ́tò wà lórí slow, ẹ fi pílíásì tí ẹ ti wé aṣọ sí ẹnu fún họ́ọ̀sì PCV (tó ń gbé èéfín inú ẹ́ńjìnnì padà sí manifold) tó ti orí ẹ́ńjìnnì bọ̀, kí ẹ máa wo STFT. Bí ó bá ja wálẹ̀ lójijì, PCV tàbí họ́ọ̀sì rẹ̀ ni. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún họ́ọ̀sì ńlá tó lọ síbi booster búréèkì, tó ń ran ẹsẹ̀ yín lọ́wọ́ láti tẹ búréèkì. Àmì mìíràn fún booster ni pé slow máa yí padà, tàbí kí ẹ gbọ́ ariwo ṣíí nígbà tí ẹ bá tẹ búréèkì. Ọ̀rọ̀ booster kì í ṣe ti iná check engine nìkan: búréèkì lè le lójijì mọ́ yín lẹ́sẹ̀, nítorí náà ẹ má fi mọ́tò bẹ́ẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀kẹta ni purge valve, èyí tó ń gba òórùn epo láti táńkì wá sínú ẹ́ńjìnnì. Láàárọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, kò yẹ kó fa nǹkan kan. Ẹ tú họ́ọ̀sì tó ti apá táńkì wá lára rẹ̀, kí ẹ fi ìka dí ẹnu valve náà. Bí ó bá ń fa ìka yín, ó ti há ní ṣíṣí.

Gáskẹ́ẹ̀tì manifold ni mo fi sẹ́yìn, kì í ṣe torí pé kò ṣe pàtàkì. Lára 1ZZ-FE àwọn ọdún yẹn, pàápàá 2003 àti 2004, àìsàn tí a mọ̀ ọ́n mọ́ ni. Gáskẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tí wọ́n lò máa ń sún kì nígbà tí ara rẹ̀ bá tutù, Toyota sì padà ṣe irú tuntun. Àmì rẹ̀ ni pé láàárọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ariwo prrr kan máa ń jáde níwájú ẹ́ńjìnnì, á sì dákẹ́ nígbà tí mọ́tò bá gbóná. Bí freeze frame yín bá sọ pé ẹ́ńjìnnì ṣì tutù nígbà tí iná tàn, ibí ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí. Manifold oníke dúdú náà wà níwájú, lápá rédíétọ̀. Ẹ fi ike fínfín rọra fín omi díẹ̀ sí ojú ibi tó ti bá orí ẹ́ńjìnnì pàdé, láàárọ̀ tó ṣì tutù, ní ibìkan lẹ́ẹ̀kan. Kí omi má kan coil (tó ń fún plọ́ọ̀gì ní iná) àti wáyà. Níbi tí ó bá ti ń jò, ẹ ó gbọ́ tó fa omi náà, slow á sì yí díẹ̀. Gáskẹ́ẹ̀tì tuntun kò wọ́n púpọ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n dè é déédéé láti àárín síta, torí ike ni manifold, dídè tó le jù máa là á.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi bẹntiróòlù inú sírínjì tàbí carburetor cleaner ṣe àyẹ̀wò yìí lórí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, ẹ dá a dúró. Sáílẹ́ńsà gbígbóná àti iná coil wà nítòsí, mọ́tò lè jó mọ́ ẹni tó tẹ̀ ba lé e. Ilé iṣẹ́ tó bá ní ẹ̀rọ eléèéfín ló lè parí iṣẹ́ náà láìséwu: wọ́n á fẹ́ èéfín wọ inú manifold, ibi tó bá ti yọ jáde ni ihò wà.

Bí nọ́ńbà bá tọ́ka sí airflow

Lórí slow, tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná tí AC sì kú, MAF ẹ́ńjìnnì lítà 1.8 yìí yẹ kó wà ní nǹkan bíi gíráàmù 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá kéré sí i gan-an nígbà tí àròpọ̀ yín ga níbi gbogbo, ó ń kà á kéré.

Fífọ̀ ni ká kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, kì í ṣe rírà. Ẹ pa mọ́tò, kí ẹ tú wáyà rẹ̀, kí ẹ tú súkúrù méjèèjì, kí ẹ fà á jáde tààrà. Nínú rẹ̀, ẹ ó rí wáyà tín-ín-rín bí irun. Bí eruku bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, ooru rẹ̀ kò ní ráyè bá afẹ́fẹ́ lọ bó ṣe yẹ, ìyẹn ló fi ń kà á kéré. MAF cleaner nìkan ni kí ẹ fín sí i, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, láti òkèèrè díẹ̀. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì, aṣọ tàbí ìka kàn án, kí ẹ má sì fi afẹ́fẹ́ fọkaláísà fẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó dá a padà, kí ẹ wá tún nọ́ńbà mẹ́ta yẹn kà.

Wọ́n máa ń sọ pé fíltà afẹ́fẹ́ tó dọ̀tí ló ń fa P0171. Kò rí bẹ́ẹ̀ tààrà, nítorí afẹ́fẹ́ tó bá gbà á kọjá, bó ti wù kó kéré tó, airflow ṣì máa kà á. Fíltà tó ya, tàbí àpótí fíltà tí kílíìpù rẹ̀ kò pa, ni ẹ̀rù rẹ̀ yẹ kó bà yín, torí eruku ọ̀gbẹlẹ̀ á gba ibẹ̀ lọ bo wáyà yẹn. Bí ẹ bá sì wá rà á ní Ládípọ̀ tàbí ibòmíràn, airflow tókúnbọ̀ ojúlówó tí ẹ dán wò lára mọ́tò níṣojú yín sàn ju ayédèrú inú páálí tuntun.

Bí nọ́ńbà bá tọ́ka sí epo

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín níbo ni ẹ ti ra epo kẹ́yìn. Ní oṣù kejì ọdún 2022, epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ tàn káàkiri Nàìjíríà, mọ́tò púpọ̀ sì dákú. Bẹntiróòlù ń fẹ́ afẹ́fẹ́ 14.7, ṣùgbọ́n nǹkan bíi 6.4 péré ni methanol ń fẹ́. Nọ́sù tó bá ń fún un ní ìwọ̀n ti tẹ́lẹ̀ kò ní tó rárá, àròpọ̀ á ga níbi gbogbo. Bí tiyín bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì tí ẹ ra epo, ẹ fa epo náà kúrò kí ẹ tó tú ohunkóhun.

Bí kì í bá ṣe epo, ó ku pọ́ńpù. Mọ́tò yìí kò ní ẹnu tí a ti lè so gauge tó ń wọn agbára tí pọ́ńpù fi ń ti epo mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀, wọ́n máa ní láti fi T sáàárín họ́ọ̀sì epo. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ ni kó ṣe èyí, níta gbangba, pẹ̀lú ohun ìpaná nítòsí. Psi 44 sí 50 ni kí ó ka. Kó má sì ṣe orí slow nìkan, kí wọ́n tẹná pẹ̀lú: pọ́ńpù tó ti rẹ̀ máa ń ka 46 lórí slow, á sì já wálẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá béèrè epo púpọ̀. Pọ́ńpù àti fíltà epo jókòó pọ̀ nínú táńkì, abẹ́ àga ẹ̀yìn ni a ti ń yọ ọ́. Nígbà tí wọ́n bá yọ ọ́, kí ẹ wo àwọ̀n ìdí rẹ̀. Àwọ̀n tó ti di ẹrẹ̀ lè jẹ́ gbogbo ìṣòro náà, pọ́ńpù fúnra rẹ̀ á sì dára. Àṣà kí epo máa wà ní ìsàlẹ̀ táńkì nígbà gbogbo kò ràn án lọ́wọ́, torí epo tó yí i ká ló ń mú un tutù.

Bí psi bá pé tí airflow sì mọ́, nọ́sù ló kàn, kí wọ́n fọ̀ wọ́n lórí ẹ̀rọ tó ń fi bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń tú epo hàn.

Ìgbà wo la wá lè bi sẹ́ńsọ̀?

Ẹ yọ plọ́ọ̀gì. Ẹ́ńjìnnì tí epo rẹ̀ kò tó lóòótọ́ máa ń mú ẹnu plọ́ọ̀gì funfun. Bí plọ́ọ̀gì bá dúdú, tí èéfín sì ń rùn bíi bẹntiróòlù, síbẹ̀ tí kóòdù ń sọ pé epo kéré, irọ́ ni brain box ń gbọ́. Kí ẹ tó dá sẹ́ńsọ̀ lẹ́bi, ẹ tẹ́tí sí sáílẹ́ńsà láàárọ̀: ariwo ta-ta-ta àti ìlà èéfín dúdú lójú gáskẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fi hàn pé ó ń jò ṣáájú sẹ́ńsọ̀. Afẹ́fẹ́ ìta máa ń gba ibẹ̀ wọlé, sẹ́ńsọ̀ á rí ọ́síjìn tí kì í ṣe ti inú ẹ́ńjìnnì. Àwọn tí wọ́n ti gé catalyst wọn (ìkòkò tó ń fọ èéfín mọ́ lára sáílẹ́ńsà) kúrò, ẹ wo ojú ibi tí wẹ́dà jó pọ̀. Ìgbà tí gbogbo èyí bá mọ́ ni kí ẹ tó ra sẹ́ńsọ̀.

V6 àti Honda

Nínú V6 bíi ti Camry, Highlander àti Sienna, P0171 jẹ́ ti apá kan ẹ́ńjìnnì, P0174 jẹ́ ti apá kejì. Bí méjèèjì bá yọ pa pọ̀, ohun tí wọ́n jọ ń lò ló bàjẹ́: airflow, họ́ọ̀sì ńlá, pọ́ńpù. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, ẹ wá a sí apá yẹn.

Ọ̀pọ̀ Honda àtijọ́ kò ní airflow, MAP sensor, tó ń wọn bí afẹ́fẹ́ inú manifold ṣe le tó, ni wọ́n fi ń mọ afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ tó bá jò wọlé, MAP máa rí i, brain box á fún un ní epo tó bá a mu. Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ rí níbẹ̀ ni slow tó ga, tó sì ń lọ sókè sódò. Bí Honda bẹ́ẹ̀ bá mú P0171 wá, ọ̀rọ̀ epo ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Lẹ́yìn àtúnṣe

Ìsinsìnyí ni ẹ lè pa kóòdù rẹ́. Ẹ wa mọ́tò fún ọjọ́ mélòó kan, kí ó jí láàárọ̀ tútù, kí ó sì rin títì gbọọrọ, kí LTFT lè kọ́ ohun tuntun. Kóòdù yìí kì í tan iná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó máa kọ́kọ́ wà lábẹ́ pending, ìgbà kejì tó bá rí i ni iná ń tàn. Nítorí náà, ẹ ṣí pending lórí fóònù kí ẹ tó san owó tó kù fún mẹkáníìkì, kí ẹ sì tún ka nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí orí slow bá ti padà sáàárín −5 sí +5 ṣùgbọ́n tí ti òkè ṣì ń fi +15 hàn, àrùn méjì ló wà nínú mọ́tò náà, ọ̀kan ṣoṣo ni ẹ tíì wò.